Fódà Ọ̀gá

Ọ̀gá ti pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún un kọ etí ikún sí i.

"Fi irinṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi."

Á kúkú ṣiṣẹ́. Fódà ọ̀gá, ibi tó ń kó fáìlì sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, nìkan ni irinṣẹ́ náà mọ̀. Ẹnikẹ́ni ì báà tún ètò kọ, ti àtijọ́ inú fódà yẹn ni irinṣẹ́ náà ń kó sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà.

"Irọ́ ni gbogbo oníbàárà tó ń ráhùn ń pa."

Obìnrin náà pa orúkọ fódà ọ̀gá rẹ́ nínú irinṣẹ́ náà, ó fi orúkọ fódà ètò tuntun rọ́pò rẹ̀, ó kó ètò tuntun sínú ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì.

Ó gbé irun sókè, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà kọ́ ẹ̀yìn etí.

"Ẹ tún un sọ, ọ̀gá. Látàárọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà wà lára àwọn oníbàárà yín."