Pẹtiróòlù Nínú Ìkòkò Yahya

Iná jó ilé Yahya, mẹkáníìkì ọ̀kadà kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, ọwọ́ méjèèjì ìyàwó rẹ̀, Afeezat, sì jóná níbẹ̀. Yahya fúnra rẹ̀ ló fa iná náà. Orí ẹlòmíràn ló di ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún nǹkan ṣe nínú ilé, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Hàmídù, àbúrò Yahya tó ń gbé lókè òkun, ló fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i. Ó dà bí ìkòkò irin onígun mẹ́rin. Bí a bá da omi àti ọṣẹ sí i, tí a sì fi iná mànàmáná tàn án, á máa gbọ̀n omi náà títí ìdọ̀tí yóò fi bọ́ kúrò nínú ihò tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀. Fún ẹni tó ń fọ kabúrétọ̀, ẹ̀yà ọ̀kadà tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ̀bùn ńlá ni.

Hàmídù pè é lórí fóònù. "Bọ̀dá Yahya, omi àti ọṣẹ nìkan o. Ẹ má da pẹtiróòlù sí i."

Yahya rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń ṣe é: abọ́ kan, pẹtiróòlù, búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti gbá a létí rí nítorí pé ó fi omi kan kabúrétọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di òfin lọ́kàn rẹ̀.

"Ìwọ Hàmídù tí o kò mọ sípánà yàtọ̀ sí síbí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Bọ̀dá, ẹ ṣáà gbọ́ tèmi."

"Mo ti gbọ́. Ara ń le níbẹ̀ yẹn?"

2.

Kò gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò fẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i. Ó fẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè ohun tí kabúrétọ̀ tirẹ̀ fi ń dán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ló gbé e kalẹ̀ sí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, Àlàájà Ṣẹ̀fíátù, nítorí pé ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Ó da pẹtiróòlù kún un.

Ìyá rẹ̀ pè é láti inú yàrá. "Yahya, òórùn wo nìyí?"

"Màmá, òórùn iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń ta ni nímú báyìí?"

"Òun náà ló ń bọ́ wa, Màmá."

Ó tan ẹ̀rọ náà, ó sì jáde síwájú ilé lọ bá oníbàárà kan. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ó ń gbóná, ooru pẹtiróòlù sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Iná kékeré tó ṣẹ́ nídìí wáyà ti tó láti mú un gbiná.

Ẹ̀yìnkùlé ni Afeezat wà tó ń dáná nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó sáré wọlé. Kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń jó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya, ó sì gbé ìyá náà jáde. Èéfín nìkan ló ṣe Àlàájà. Awọ ọwọ́ Afeezat bó.

3.

Àwọn aládùúgbò fi iyanrìn pa iná náà, lẹ́yìn tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìdáná ti jó tán. Ẹnì kan bèèrè ohun tó fà á. Yahya wo ojú wọn. Oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti dé. Ó ti fi páànù bo ìkòkò náà mọ́lẹ̀.

"Gáàsì Ìyá Ammar ni," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a sọ ọ́. Kì í pa á dáadáa."

Lásìkò yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé Ìyá Ammar, ìyẹn Afeezat, lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ náà bá a lórí ibùsùn. Ó sunkún, kò jiyàn, kí ó má baà dójú ti ọkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Salahudeen, àgbẹ̀ ní Afo, rí omijé náà, ó sì rò pé omijé ẹlẹ́bi ni.

4.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọbìnrin bá ba nǹkan jẹ́ nílé ọkọ, bàbá rẹ̀ ní í wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá Salahudeen gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Afo, sí ilé ẹ̀gbọ́n Àlàájà, níbi tí ìyá náà ti ń sinmi láti ọjọ́ iná. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Àlàájà àti níwájú Yahya.

"Ẹ bá mi dárí jì í. Mo kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè, n kò kọ́ ọ ní ìṣọ́ra. Ẹ̀bi mi ni."

Yahya kò ní kí ó dìde. Orí funfun bàbá náà ló ń wò nílẹ̀.

"Ìṣọ́ra kí ni, Bàbá?" Àlàájà ló bèèrè.

"Ti gáàsì, Àlàájà."

"Gáàsì wo?" Ìyá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Sílíńdà kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn tí o jáde láàárọ̀ ni Afeezat gbé e lọ fún Jonah, kí ó rọ gáàsì sí i. Igi ló fi ń dáná. Títí di ìsinsìnyí, sílíńdà náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Jonah."

Àlàájà na ìka sí ọmọ rẹ̀.

"Yahya, òórùn iṣẹ́ yẹn, òórùn kí ni?"

"Pẹtiróòlù ni, Màmá."

"Gbé Bàbá dìde."

Yahya nawọ́ sí i. Bàbá Salahudeen kò di ọwọ́ náà mú. Ó gbára lé orúnkún ara rẹ̀, ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tètè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó ti pọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní omi ni kí ẹ fi lò, ẹ má da pẹtiróòlù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá yín fi kọ́ yín nìyẹn. Ẹ má ṣe iṣẹ́ pẹtiróòlù lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́, kí àgbàlagbà má baà dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yín. Irọ́ a máa tanná, kì í so èso.

Afeezat ti kúrò nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Afo ló wà. Yahya ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n sì ń fún un lómi mu. Ọwọ́ ọ̀tún Afeezat kò tíì lè di síbí mú, kò sì tíì jáde sí ọkọ rẹ̀.