Ìborí Tó Bọ́ Sójú Ìjà

"Apa, bí ìborí yín bá wà lórí yín lánàá, ìborí ta ni wọ́n wá jù sójú ìjà?"

Togzhan, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló bèèrè, àkàrà dídín kan lẹ́nu rẹ̀, òmíràn lọ́wọ́. Balkiya, ìyá rẹ̀ àgbà tí gbogbo ilé ń pè ní Apa, tẹjú mọ́ tíì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó wá láti ìgbìmọ̀ àwọn akànṣẹ́ ń wo ìborí funfun tí wọ́n gbé wá, tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ létí. Zhamal, ìyá ọmọ náà, wúkọ́. Àtàná ló ti ń wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ọmọ tó ya ẹnu. Ọwọ́ kan péré ni wọ́n ní kí Balkiya fi sí ìwé. Lánàá, ní abala keje ìjà, Yersayin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí akànṣẹ́ tó sanra tó o ní gbogbo Karaganda, ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ bí ẹní àtẹ́ẹ̀ká tí wọ́n gbé síta láti lu eruku rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ di aṣọ ìnujú tó yẹ kó jù wọlé láti fi dá ìjà dúró mú pinpin, ó ń fi nu òógùn ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ìborí funfun kan fò wọlé láti àárín èrò. Sabit tó ń ṣe rẹfirí, ọmọ tí àgbà tọ́ ni. Ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ibi tí ìborí ìyá bá balẹ̀ sí," ó ní, "ọkùnrin kì í gbọ́wọ́ sókè níbẹ̀ mọ́."

Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó borí, kò sẹ́ni tó ṣubú. Àmọ́ ìborí ìyá ni wọ́n wí o. Ti ìyàwó ilé ńkọ́? Aṣọ tí a fi ń nu abọ́ sàn jù ú lọ.

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn Yersayin, nítorí Balkiya kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbàgbé. Lọ́dún tí wọ́n kó dé láti Torgai, tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀, ó ní kílò márùn-ún ni òun bí i. Nígbà tó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní ilé ìwé, ó ti di kílò mẹ́fà. Nígbà tó fi máa ja ìjà mọ́kàndínlógún láìṣubú, ọmọ ọ̀hún ti wọn kílò méje àbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, agbẹ̀bí méjì ló sì dákú.

Bí ìtàn ìrọbí yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, Zhamal a máa bu tíì. Ìyàwó àkọ́bí Balkiya ni, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn. Kí ló fẹ́ rí sọ nípa ìrọbí? Batima aládùúgbò wọn tilẹ̀ máa ń sọ pé kò sí inú tó lọ́ra tó ti Zhamal: ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wà nílé ọkọ kó tó bí Togzhan. Bóyá nítorí ìyẹn ló ṣe ń ṣe àṣejù lórí àbúrò ọkọ rẹ̀. Òun ló ń fọ báńdéèjì tí Yersayin fi ń di ọwọ́. Òun náà ló wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sí i, ojú òsì ti lọ nìyẹn.

"Dókítà wo?" Balkiya ní. "Èyí tó rù bí igi ìdáná yẹn? Kí ló mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ́?"

"Apa, ojú ló mọ̀."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Zhamal bu tíì.

Ní báyìí, èyí tó dàgbà nínú àwọn ọkùnrin náà dé ìdérí gègé rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ ìborí ìyá, ìjà ti parí, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìyá, Sabit ló ṣàṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n á tún un jà."

"Èrò á pọ̀ gan-an," ìkejì ní, inú rẹ̀ dùn.

"Màá jà!" Yersayin kígbe láti inú yàrá.

"Dákẹ́ níbẹ̀, kí o gbé yìnyín lé ojú rẹ!" Balkiya dáhùn.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ yíjú sí Zhamal. Ìborí ilé ìwé Togzhan, aláwọ̀ òdòdó, ni obìnrin náà so mọ́rí.

"Ìyàwó wa, níbo lẹ ti kó irú ikọ́ yìí?"

"Yìnyín ló pa mí lánàá."

"Ẹ ò bo orí ni?"

Zhamal rọ tíì sí kọ́ọ̀bù ọkùnrin náà títí ó fi kún dé ẹnu. Àlejò tí a bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì là ń bù fún un. Ọkùnrin náà rí i, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, kò sì dìde.

Balkiya fa ìborí náà sọ́dọ̀. Ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé itan.

"Ìborí ìyá rẹ̀ ni," ó ní.

"Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní..."

"Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ fẹ́ gbà gbọ́, àbí èmi arúgbó? Mo ní ìborí ìyá rẹ̀ ni. Ẹ kọ ọ́."

Wọ́n kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. Lórí ìdúró ni wọ́n ti mu tíì wọn. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Batima ti ń sọ fún aráyé pé ìborí méjì ni Balkiya máa ń gbé dání lọ síbi ìjà.

Lálẹ́, Togzhan sùn ti ìyá rẹ̀ àgbà.

"Apa, ẹ parọ́."

"N kò parọ́. Sùn."

Nínú yàrá kejì, Zhamal ń pààrọ̀ aṣọ tútù lójú Yersayin.

"Jenge, ẹ lọ sùn," ni ọmọkùnrin náà ń wí, bí wọ́n ti ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Zhamal náà sùn lórí àga.

Balkiya ló sùn gbẹ̀yìn, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tó gba Yersayin, àkọ́bí Zhamal, lọ́wọ́ rẹ̀ ní Torgai, ọmọ ogójì ọjọ́, bí àwọn ìyá ọkọ ti ń gbà á níbẹ̀, tó fi ṣe àbíkẹ́yìn ara rẹ̀, tó sì kọ́ ọ kó máa pe ìyá tó bí i ní Jenge, òní sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀.