Ẹ Mu Omi, Ìyáálé

Mo fi ọ̀nà tí mo ti rìn láyé búra: bí irọ́ bá wà nínú èyí, kí n má rí ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ṣí fún mi mọ́. Ṣàgámù ló ti ṣẹlẹ̀.

Jẹjẹrẹ mú Àjọkẹ́ oníṣòwò obì lẹ́nu ilé ọmọ. Wọ́n ní kó máa lọ gba iná ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn n'Íbàdàn lójoojúmọ́, àfi òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó dìde pé òun yóò máa mú un lọ ni Kareemat, orogún rẹ̀. Ẹnu ya àdúgbò. Inú sítọ́ọ̀ obì Àjọkẹ́, níbi tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí, ni Ikhlas, ọmọ kan ṣoṣo tí Kareemat bí, kú sí. Àjọkẹ́ ní òun ò mọ̀ pé ọmọ wà nínú ibẹ̀ nígbà tí òun tilẹ̀kùn.

Bí wọ́n bá ti dé Ògèrè, Kareemat á ṣí ìgò.

"Ẹ mu omi, ìyáálé."

Àjọkẹ́ á mu. Kareemat á tún na òmíràn sí i. Kí wọ́n tó wọ Ìbàdàn, Àjọkẹ́ á ti máa fún itan pọ̀.

"Táyé ọmọ mi, jọ̀ọ́ dúró. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Táyé awakọ̀ á wo dígí. "Ìyá Ikhlas, ṣé kí n páàkì?"

"Wa ọkọ̀ ẹ."

"Tí wọ́n bá tọ̀ sórí síìtì mi, ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́ o!"

"Màá fọ̀ ọ́. Máa wà á lọ."

Lọ́jọ́ kan Àjọkẹ́ bú sẹ́kún. "O fẹ́ fi ìtọ̀ pa mí. Ẹ̀san ọmọ yẹn lò ń gbà."

Kareemat dé ìgò.

Kòfowórọlá, àbúrò Àjọkẹ́, gbọ́. Ó bá wọn lọ, ó ti fún gèlè mọ́dìí, ìjà ló wá jà. Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn.

"Mọ̀mí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, á ti ìfun kúrò lójú iná. Bó bá ṣófo, ìfun á wálẹ̀, iná á jó o. A ti rí ẹni tí jẹjẹrẹ fi sílẹ̀ tí ìfun jíjó wá pa. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń tọ́jú tó báyìí níbí."

Ojú ti Kòfowórọlá. Ó gbá Kareemat mọ́ra.

Kareemat náà ló ń se oúnjẹ aláìsàn: kò sí ẹ̀wà, kò sí ata tó ń ta, kí ìfun má baà ru. Ó máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Ìyàwó mi, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ẹ mu omi, ìyáálé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, dókítà ní kókó jẹjẹrẹ náà ti yọ́, ìfun ò ní àbùkù, Àjọkẹ́ á pẹ́ láyé. Àjọkẹ́ jó dé ẹnu géètì. Ọlọ́pàá méjì dúró ti ọkọ̀ Táyé.

"Mọ̀mí, ẹ máa bá wa lọ," ni ọ̀kan wí. "Ẹni tó gbọ́ tí Ikhlas ń kan ilẹ̀kùn, tó sì gbọ́ tí ẹ ní kí ọmọ náà máa kan án lọ, ti jẹ́rìí tipẹ́. Ìyá ọmọ ló ní ká dúró kí ara yín kọ́kọ́ yá."

Kòfowórọlá kígbe mọ́ Kareemat: "Ṣebí ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ ikú?"

Ọ̀rọ̀ tí Kareemat sọ kẹ́yìn fún wọn nìyí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Òkú kì í jẹ́jọ́."