Okùn Fèrèsé Tí Dúrótoyè Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbé Sókè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé, pàápàá tí ọmọ kékeré bá wà nílé yín. Ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

1.
Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú wa, ọkùnrin kan wà ní Ìjerò tó ń jẹ́ Dúrótoyè. Kòkó ló ń rà káàkiri Ìjùrìn àti Odò-Ọwá. Owó kòkó dé, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó wá ra bíláìǹdì láti Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n ń ta sójú fèrèsé dípò kọ́tìnì. Okùn gígùn ni wọ́n fi ń fà á sókè sódò.

Kò sí àlejò tó wọlé tí Dúrótoyè kò ní fa okùn yìí hàn. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣí!" Ènìyàn á ní ọmọdé ló rí ohun ìṣeré.

2.
Lásúnkànmí, káfíńtà kan tó wá láti Ìkìrun tó ń gbé Ìjerò, ló bá a ta bíláìǹdì náà. Nígbà tó dé yàrá Ayọ̀bọ́lá, ọmọbìnrin Dúrótoyè, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó rí i pé abẹ́ fèrèsé gan-an ni bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà. Okùn náà balẹ̀ dórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ti so ìdí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí òrùka.

Ó ní, "Bàbá Ayọ̀, ẹ jẹ́ kí n kan ìṣó kan sókè níbí, ká máa wé okùn yìí mọ́ ọn. Ẹ sì gbé bẹ́ẹ̀dì yìí kúrò. Okùn yìí lè há ọmọ lọ́rùn o."

Dúrótoyè fò sókè. "Há ta lọ́rùn? Gbé ẹnu burúkú rẹ sọ́hùn-ún! Kò ní ṣẹlẹ̀! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!"

"Àmín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìṣó kan ṣoṣo ni."

"O fẹ́ dá ògiri mi lu? Ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, tí ìṣílé ku ọ̀sẹ̀ kan?"

Rebecca, ìyàwó rẹ̀, rọra sọ pé, "Bàbá Ayọ̀, ẹ jẹ́ ó kàn án."

"Ìwọ náà fẹ́ máa bá a ṣépè fún ọmọ rẹ?"

Lásúnkànmí kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ gbà mí o! Ta ló ṣépè níbẹ̀? Ẹni tó ní kí o ṣọ́ra ti wá di ọ̀tá rẹ? Èmi náà ń gbàdúrà, ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àdúrà tó báni kan ìṣó rí.

3.
Wọ́n ṣílé, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lẹ́yìn oṣù méjì, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Rebecca ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ayọ̀bọ́lá ń dá ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókè.

"Màmá! Ẹ wá wo ìlẹ̀kẹ̀ mi!"

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi."

Okùn fèrèsé lọmọ fi kọ́rùn, bó ṣe máa ń rí ìyá rẹ̀ tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá kò tíì dìde tí mọ́tò Dúrótoyè fi yọ, ó tẹ fèrè. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, Ayọ̀bọ́lá a máa sáré lọ pàdé rẹ̀, kí ó gbé e. Ọmọ fò sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì láti sáré lọ pàdé bàbá rẹ̀.

Dúrótoyè dúró sísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ayọ̀! Ayọ̀bọ́lá! Ṣé o ò gbọ́ fèrè mi ni?"

Igbe Rebecca, tó ti gòkè lọ wo ọmọ, ló gbọ́: okùn ti há Ayọ̀bọ́lá lọ́rùn. Wọ́n gbé ọmọ dé ọsibítù, dókítà ní ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

4.
Ohun tó ń bí mi nínú jù ló kù yìí. Lásúnkànmí wá kí wọn, omi ń dà lójú rẹ̀. Dúrótoyè nawọ́ sí i láàárín èrò: "Òun nìyẹn! Ẹnu rẹ̀ ló fi pa ọmọ mi!" Àwọn àgbàlagbà tí orí wọn pé sì ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, ayé ló ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá igi.

Rebecca dìde. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe Dúrótoyè ní "ìwọ" rí.

"Ìwọ ni! Ìṣó kan ló ní kí o jẹ́ kí òun kàn. Ìwọ lo ní ògiri rẹ á bàjẹ́. Ògiri rẹ kò bàjẹ́, Dúrótoyè. Ọmọ mi ló kú!"

Àwọn tó mú igi jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Rebecca kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Odò-Ọwá, kò sì padà mọ́. Dúrótoyè nìkan ló ṣẹ́kù sínú yàrá mẹ́jọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun! Bí okùn bá wà lójú fèrèsé yín, ẹ wé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Bí ó bá gùn jù, ẹ gé e. Bí wọ́n bá so ìdí rẹ̀ pọ̀, ẹ tú u. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ẹ ṣe é lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí ẹnì kan bá sì kìlọ̀ fún yín nítorí ọmọ yín, ẹ má ṣe pè é ní èpè. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ wá lọ mú òòlù.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.