Ẹni Tí Yóò Ṣọ́lé

Aránṣọ náà gun bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Èkó, ó fa fìlà bojú, ó sì fún ara rẹ̀ mọ́ igun. Kóòtù mẹ́ta ló wọ̀ léra wọn, nítorí wọ́n ní òtútù Ìlú Ọba kì í ṣàwàdà. Òógùn bò ó. Ó ti sọ fáwọn òbí rẹ̀ pé Ìgbájọ lòun ń lọ ran aṣọ ìyàwó. Kò láyà láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ wọ̀.

Bí wọ́n ti ń jáde ní Ìlá, ọkọ̀ já sí kòtò, ìborùn obìnrin tó jókòó tì í sì ṣí kúrò lójú. Ìyá rẹ̀ ni.

“Ìyá mi, níbo lẹ ń lọ?”

Ìyá wo kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ṣé Ìgbájọ ló tutù tó báyìí?”

Aránṣọ jẹ́wọ́. Ni ìyá náà bá jẹ́wọ́ tiẹ̀: Kùmáásì ní Gòólù Kóòsì ló ń lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba ìsọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ dè é níbẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ẹkún rẹ ni mo ń sá fún, ọmọ mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, kí aránṣọ tó béèrè lójijì pé: “Ta ló wá wà nílé pẹ̀lú bàbá mi?”

“Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún.”

“Èmi náà, ẹ̀yin ni mo fi í sílẹ̀ fún.”

Níwájú ọkọ̀, ohùn kan tí àwọn méjèèjì mọ̀ dáadáa rọra sọ̀rọ̀: “Dírẹ́bà, jọ̀ọ́, jẹ́ kó sáré díẹ̀ sí i.”