Bọ́tìnì Pupa Ara Ògiri

Ẹ má kà á dé àárín kí ẹ wá sá lọ o. Ẹ kà á tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà yín, ẹ̀yin náà sì mọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ti fi ṣòfò lórí fóònù láti àárọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún obìnrin kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Obìnrin yìí àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan. Ẹ̀gbọ́n ló ń po ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pò ó dà bí ìkòkò irin ńlá, apá irin kan ń yí po nínú rẹ̀. Ìbòrí rẹ̀ ti yọ tipẹ́, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dá a dúró náà ti bàjẹ́. Ọ̀gá ní òun máa tún un ṣe. Ẹ ṣáà mọ "máa tún un ṣe" àwọn ọ̀gá. Wọ́n wá fa wáyà lọ sára ògiri, wọ́n fi bọ́tìnì pupa kan síbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò lè tó o, nítorí náà àbúrò ni wọ́n ní kó dúró tì í. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò láti ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ọn, á pariwo, "Pa á!" Àbúrò á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á dúró. Tó bá ṣe tán, á ní, "Tàn án!" Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún odindi ọkùnrin kò ju ìyẹn lọ.

2.
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé búrẹ́dì lọ fún oníbàárà ló fi eré kan han àbúrò lórí fóònù. Ọkọ̀ kékeré kan ń sáré lójú títì. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù, ọkọ̀ á yà sí apá kejì, kó má bàa kọ lu èyí tó ń bọ̀. Ó tán. Títì náà kò lópin, kò síbi tí ẹ ń lọ, ẹ kò sì lè borí láéláé. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹ kọ lu nǹkan, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni èèyàn ń wá nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé o máa já mi sílẹ̀ níwájú?"

"Ẹ wọlé, àmọ́ n kò ní ṣẹ́ńjì o!" Ojú ẹ̀ ò ní kúrò lórí fóònù tó fi máa dáhùn.

3.
Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò kìlọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pariwo "Pa á!" kí ẹ̀rọ tó dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú omi lo rò pé mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Eré yìí kì í dúró deni ni. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ọkọ̀ á kọ lu nǹkan."

"Jẹ́ kó kọ lù ú! Ta ló wà nínú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó gba fóònù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ àbúrò tó fi ẹ̀yìn ara ẹ̀ pọ̀n ni. Ó fojú fò ó.

4.
Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Àbúrò ti dé ibi tí kò dé rí nínú eré. Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, ó kàn tẹ̀ síwájú kó da omi kún ìyẹ̀fun ni. Apá irin gbá ọwọ́ aṣọ ẹ̀ mú, ó fà á wọlé.

"Pa á! Yéè, pa á!"

Ó gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó gbọ́. Jìnnìjìnnì bò ó, àtàǹpàkò ẹ̀ sì sáré ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó tẹ ojú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ inú fóònù yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, kò kan nǹkan kan. Ẹ̀rọ ń yí. Ẹ̀gbọ́n ń ké. Ọkùnrin yìí ń wo ẹ̀rọ, ìdí tí kò fi dúró kò yé e, nítorí gbogbo ara ẹ̀ ló ń sọ fún un pé òun ti pa á. Ẹni tó ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò ló sáré wá tì í dànù, tó tẹ bọ́tìnì pupa.

Ó ti pẹ́ jù.

5.
Ìgúnpá ni àwọn dókítà ti gé ọwọ́ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lajú, àbúrò wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rò pé mo ti pa á ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Kí n fi èwo gbá ọ?"



6.
Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n padà sílé búrẹ́dì, torí àwọn ọmọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀gá bi í pé kí ló fẹ́ fi ọwọ́ òsì nìkan ṣe. Ó ní, "Mo lè dúró ti bọ́tìnì."

Ìbòrí tuntun ti wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Ẹ ò rí i! Ìgbà tí ọwọ́ ti lọ ni owó ìbòrí tó wá jáde. Àbúrò ló ń po ìyẹ̀fun. Tó bá fẹ́ ṣí ìbòrí kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á ní: "Ẹ pa á, ẹ̀gbọ́n mi." Kó tó sọ ọ́ tán, ẹ̀rọ ti dúró. Obìnrin yẹn kì í wo ibòmíràn, kì í gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Mo dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ ra búrẹ́dì, mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ǹ bá tù nínú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ di àkàbà mú fún ẹni tó wà lókè, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ọmọ létí omi, ẹ̀yin tí ẹ dúró ti ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀, mo ń kìlọ̀ fún yín: ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀, àbúrò yẹn náà rò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ inú fóònù lè fọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn kò rí ibì kankan tẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ lè padà wá.