Ọjọ́ Tí Apá Oòrùn Dákẹ́

Aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé ku díẹ̀ nígbà tí Mùínátù dé pápá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà ti kún apá oòrùn, níbi tí kò sí òrùlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọrin. Abdulbasit, ọmọ Ayépé tó máa ń fọn fèrè fún wọn, ń gbé abọ́ gààrí gbígbẹ kiri, ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn.

"Bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ wọlé, ẹ dà á sẹ́nu," ló ń wí. "Ẹni tí gààrí kún ẹnu rẹ̀ kò lè pariwo. Ìyá Olórin, ìlọ́po méjì ni tiyín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Mùínátù ti ń dá orin fún wọn. Bí ohùn rẹ̀ bá ti jáde, tiwọn náà á tẹ̀ lé e.

Bàbá Gilbert, tó dàgbà jù nínú wọn, sún kí ó lè jókòó. Aṣọ ni ó fi gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́rùn.

"Mùínátù, bí o bá dúró sílé lónìí, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

"Kí ni n ó máa ṣe nílé, bàbá?"

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ti dé."

Ohun tó bí ìdákẹ́jẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọ̀gbẹ́ni Ernest, alákòóso tuntun, ti fi ìjókòó abẹ́ òrùlé fún àwọn èèyàn ńláńlá, ó sì lé àwọn alátìlẹ́yìn sínú oòrùn. Nígbà tí Bàbá Gilbert lọ jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ tì í, ó ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Àwọn alátìlẹ́yìn ní kí alákòóso wá bẹ̀ ẹ́. Ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá lè wà láìkọrin, láìpariwo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú eré tí tẹlifíṣọ̀n máa gbé sáfẹ́fẹ́, òun fúnra òun á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà.

"Ẹ jẹ́ kí gólù kan ṣoṣo wọlé ná," ó wí. "Wọ́n á kọrin."

Eré bẹ̀rẹ̀. Orin àwọn àlejò nìkan ló ń dún. Fatihah, olùkọ́ kan láti Odogbolu tí kò tíì pẹ́ láàárín wọn, tẹ̀ sí etí Bàbá Gilbert.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹgbẹ́ máa ń fi ọkọ̀ wá gbé yín nígbà kan?"

"Títí dé Ibefun. Awakọ̀ kì í ṣí títí a ó fi pé. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá sì jáde, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọn á dọ̀bálẹ̀ sínú koríko kí wọ́n tó lọ kí àwọn olóyè. Nígbà tí Mùínátù bímọ, gbogbo wọn ló wá. Gólì ló gbé ọmọ."

"Ó ní ìyẹn nìkan kò ní bọ́ lọ́wọ́ òun," Mùínátù wí. "Bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn."

Fatihah fi ìgbọ̀nwọ́ dí ẹnu.

"Ẹ rọra o!" Abdulbasit kìlọ̀.

"Ìyẹn la ń jà fún," Bàbá Gilbert wí jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe òrùlé."

Eré ku ogún ìṣẹ́jú, kò sí gólù. Kóòṣì mú ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé, onínọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí. Mùínátù da gààrí sẹ́nu.

"Kò tíì tó àsìkò, Ìyá Olórin," Abdulbasit wí.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọmọ náà gbà, wọ́n gbá a lulẹ̀. Mùínátù ti dìde kó tó mọ̀. Bàbá Gilbert fa ìró rẹ̀, ó sì jókòó.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, bọ́ọ̀lù wá láti apá òsì. Onínọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹ̀ fún ẹnìkan, ó yẹ̀ fún ẹnì kejì, ó sì gbá a. Àwọ̀n mì.

Gààrí tú jáde nímú Abdulbasit. Omi dà lójú Fatihah. Lábẹ́ òrùlé, Ọ̀gbẹ́ni Ernest ti dìde, ó kọjú sí apá oòrùn, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí bí ẹni tó ń retí ariwo.

Agbábọ́ọ̀lù náà sáré tààrà wá sí iwájú wọn. Kò juwọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan lé ètè, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ wò ó!" àwọn àlejò ń pariwo. "Ọmọ wọn ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́!"

Mùínátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kò dún.

Fèrè ìparí dún. Ọ̀gbẹ́ni Ernest la koríko kọjá wá, àwọn oníkámẹ́rà tẹ̀ lé e. Ó tẹrí ba díẹ̀ níwájú Bàbá Gilbert.

"Rárá o," Abdulbasit wí. "Ìdọ̀bálẹ̀ lẹ sọ."

Alákòóso náà wo ẹ̀yìn, ó wo kámẹ́rà, ó sì nà gbalaja pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá."

"Dìde. Ibi tí a ó jókòó sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Abẹ́ òrùlé ni, sà."

Nígbà náà ni apá oòrùn bú sáriwo pọ̀, àyàfi Mùínátù, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, títí onínọ́ńbà mẹ́tàdínlógún fi fo ọgbà wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, tó sì wí pé, "Ẹ lè pariwo wàyí, màámi."